Ìbọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Nínú Bàtà Kan

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Fọlájìmí Ṣódípọ̀ jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá wọ sùtánà funfun. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Dagenham láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nínú oṣù Kọkànlá, kí ẹ wá wo bí àgbàlagbà ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ṣe ń bá aṣọ wọ̀jàkadì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn lé e, ó wọ súwẹ́tà méjì lé ìyẹn, ó sì wá gbé jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan bo gbogbo rẹ̀, èyí tó wú bíi tìmùtìmù. Nígbà tó fi máa fa síìpù rẹ̀ dókè, apá rẹ̀ méjèèjì kò lè kan ẹ̀gbẹ́ mọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ńkọ́? Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá orúnkún. Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kúnlẹ̀ bá a so ó.

“Baba Tùmínínú,” ni Morónkẹ́ wí látorí ìkúnlẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ yẹn o. Bẹ́ ẹ bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, ẹ kàn máa yí gbirigbiri dé Rush Green ni.”

Fọlájìmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi Fọlájìmí ṣe yẹ̀yẹ́ tó Fọlájìmí fúnra rẹ̀.

“Bí mo bá yí débẹ̀, eré ìdárayá náà ni,” ló dá a lóhùn. “Ṣáà bá mi sọ fún nọ́ọ̀sì.”

Nọ́ọ̀sì ló kó gbogbo wàhálà yìí bá a. Nínú oṣù Keje ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ tó ti ń bá a gbé láìsan owó ilé. Nọ́ọ̀sì yìí, Aqeelah lorúkọ rẹ̀, ní kó dín ìrẹsì kù, kó dín búrẹ́dì kù, kó máa lo oògùn, kó sì máa fi ara ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní tó bá di oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun, àwọn máa tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Fọlájìmí ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ó ń dúpẹ́. Ìgbà tó délé ló tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀rù wá bà á gidi. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìtọ̀ ṣúgà ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá náà, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì, Fọlájìmí ló sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó kú. Ohun tí Fọlájìmí ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti bá a sọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n ṣáà sin òun pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì.

Bó ṣe di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìyẹn o. Hamid tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá Dagenham Heathway ló ta àlòkù kan fún un. Láti ilé rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Rush Green kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ilẹ̀kùn tó bá yẹ̀ níbẹ̀, àga tó bá kán, iná tó bá kú, Fọlájìmí ni wọ́n ń pè. Nínú oṣù Kẹjọ, ayé dẹrùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ láyà, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà, títí kan ajá. Ó tiẹ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun kò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá nínú bọ́ọ̀sì. Ẹnu rẹ̀ ló máa ń kó bá a.

Oṣù Kọkànlá ló wá pa ẹnu náà dé. Lọ́jọ́ tí Morónkẹ́ bá a so bàtà yẹn, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òógùn fi bò ó. Omi ń ṣàn látọrùn rẹ̀ lọ sí ìdí. Ó dé ibi iná ojú pópó, iná di pupa, ó dúró, òógùn náà sì di omi yìnyín sí i lẹ́yìn. Eyín rẹ̀ ń pa kẹ́kẹ́. Nígbà tó débi iṣẹ́ tó ṣí síìpù, èéfín ń rú jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín.

Abdullah tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Abdullah ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Barking, òjò, yìnyín, ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ mẹ́ta péré ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ sì gbẹ.

“Ọ́ńkù,” ló wí, “aṣọ mélòó lẹ wọ̀?”

Fọlájìmí kà á. “Mẹ́fà. Méje, tá a bá ka sikáàfù.”

“Bí ara yín bá ti móoru kẹ́ ẹ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé, aṣọ yẹn ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òtútù mú yín díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Wíwa kẹ̀kẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa dáná fún yín.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn! Kí ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ọ́mọ̀ jáde síta kí òtútù mú un! Ìyá tó bí Fọlájìmí, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, á ti fi róòbù pa á láyà, á fi aṣọ wé e, á ní àyà lòtútù ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ẹni sọ, kí ni Abdullah fẹ́ fi yí i padà? Síbẹ̀, Fọlájìmí kì í ṣe olórí kunkun pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, ó dín aṣọ kù sí mẹ́ta lóòótọ́. Àmọ́ ó fi róòbù dí àlàfo.

Ó fi róòbù pa àyà, ó fi pa ẹ̀yìn, ó fi pa itan dókè. Lẹ́yìn náà ló wá fa ṣòkòtò àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wọ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tó fún mọ́ ara pinpin. Nígbà tí Morónkẹ́ rí i nínú ṣòkòtò náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Ẹ̀yin nìyí, àbí àkùkọ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́?” Fọlájìmí ní àkùkọ ni, kó má wulẹ̀ da omi gbígbóná lé òun lórí. Ó jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di ẹ̀kẹjọ, ara ti gbóná, òógùn ti dé, òógùn sì ti ń gbé róòbù rìn lọ síbi tí kò yẹ kí róòbù dé láyé. Yéè! Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi dé Rush Green lọ́jọ́ náà, kò sì tíì tún rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá mọ́ láti ìgbà náà. Ó ń pe Jésù lójú títì bí ẹni tó wà nínú ìsọjí. Abdullah ní, “Ọ́ńkù, ẹ ti ń yára o!” Ilé ìwẹ̀ ni Fọlájìmí gbà lọ tààrà, ó ń bu omi tútù sára, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Fọlájìmí, ìwọ pẹ̀lú ọgbọ́n orí rẹ yìí, ta ló fún ọ ní físà?

Ìyà ló kọ́ ọ. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa dé, ó ti mọ̀ ọ́n. Aṣọ fẹ́lẹ́ kan tó ń fa òógùn kúrò lára ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀, súwẹ́tà fífúyẹ́ kan, jákẹ́ẹ̀tì tínínrín tí atẹ́gùn kò lè ráàyè gbà kọjá. Ó ní fìlà kékeré tó ń dé sábẹ́ akoto kí etí rẹ̀ má baà já bọ́, ó ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó sì wọ ṣòkòtò ràbàtà kan lé ti àkùkọ náà kí wọ́n má baà rí ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́. Ara rẹ̀ dá ṣáká. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ajá.

Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn. Kó sòótọ́, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tutù. Ó kàn dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló fi ń wa kẹ̀kẹ́. Ó pe ìyẹn ní òtútù, nítorí kí tún ni ì bá pè é? Ó ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, kò ràn án. Ó wọ méjì pọ̀. Ó wọ mẹ́ta. Ó tún fi ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹja fún un ní Heathway sáàárín ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, ó ń dún wàràwàrà kiri inú ilé ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wẹ̀yìn wò. Bàtà wá fún un dé ibi tó fi jẹ́ pé tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ fi ògiri ti ara.

“Bí bàtà bá fún ẹsẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà, á tún tutù sí i ni,” ni Abdullah kìlọ̀ fún un. “Ìbọ̀sẹ̀ kan tó dáa ti tó, Ọ́ńkù.”

“Ẹsẹ̀ tìẹ nìyẹn. Abẹ́òkúta ni tèmi ti wá.”

Morónkẹ́ náà bi í léèrè. Ó ní, “Nínú ilé yìí tí hítà ń jó, ṣé ẹsẹ̀ náà ò tíì jí?” Fọlájìmí ní òtútù ìlú yìí kì í tètè jáde nínú eegun. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà ti wá láti ọ̀dọ̀ dókítà pé kó wá kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. “Ẹsẹ̀ kẹ̀?” ló wí lọ́jọ́ náà. “Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń mu ṣúgà ni?” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ti lẹ́tà náà sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun tó mọ ohun tó ṣe bàbá rẹ̀! Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù máa ń fi èèyàn ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àlejò kan jù, kì í fẹ́ yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ sì wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gbé le jù. Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú ni Fọlájìmí ń lọ, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà lọ́nà Barking Riverside. Aláṣọ funfun ni wọ́n. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàtà, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Fọlájìmí ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ojú rẹ̀ kì í rí láti kókósẹ̀ wálẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá yẹn, Ṣọlápé, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Fọlájìmí na ọwọ́ dí i lọ́nà.

“Ìbọ̀sẹ̀, bàtà ni. Bọ́ ọ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú mi.”

“Òtútù mú Mósè náà.”

Inú aginjù ni Mósè wà, níwájú iná tó ń jó lala; gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ní máa bá olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà jiyàn? Ṣọlápé bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òun àti àwọn yòókù ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì títí ìsìn fi parí. Fọlájìmí nìkan ló dúró gbagidi, kò gbọ̀n, kò mira. Àwọn ìyá ìjọ ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀mí mímọ́ ló gbé ọkùnrin yẹn ró. Ó gbọ́. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn túbọ̀ na ọrùn.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú ọdún tuntun ni àṣírí tú. Morónkẹ́ ti bá aládùúgbò wọn lọ nínú ọkọ̀ láàárọ̀, nítorí àwọn akọrin ní ìdánrawò. Fọlájìmí ní kẹ̀kẹ́ lòun máa gùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà funfun lórí koríko. Kó má baà pẹ́, ó pinnu pé òun á wọ sùtánà láti ilé. Ṣùgbọ́n sùtánà gùn, ó lè kó sí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ká a sókè dé ìbàdí, ó fi pínnì mẹ́rin dè é yípo, irú pínnì tí àwọn abiyamọ fi ń de ìtẹ́dìí ọmọ, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e. Ìgbà yẹn ló rántí pé ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Wàhálà dé! Kó gun kẹ̀kẹ́ láìwọ bàtà nínú yìnyín? Ó ro ó síhìn-ín, ó ro ó sọ́hùn-ún, ó wá dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní sùtánà tí a kò bá tíì sọ kalẹ̀, a kò tíì wọ̀ ọ́. Ẹni tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló ń tú òfin báyìí fún ara rẹ̀ o. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wọ ọ̀rá, ó fi ògiri ti ara wọ inú bàtà, ó lọ.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń kọ orin ìwọlé. Ó sáré bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó tú pínnì. Mẹ́ta ló rí. Ó ní ẹ̀kẹrin á ti já sójú ọ̀nà. Ó fa bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tuuru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìwò ó, ó jù wọ́n sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì rìn gba àárín gbọ̀ngàn lọ síwájú láti lọ foríbalẹ̀, kó tó padà sípò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tó yíjú padà ló rí kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kò tíì lò tó oṣù kan. Àbàwọ́n pupa tò sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ.

Inú bí i. Orin ti dákẹ́, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. “Ta nìyẹn? Ta ló fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin wọ ilé Ọlọ́run? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yìí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè kí n rí i!” Wọ́n gbé e. Àwọn baba gbé e, àwọn ìyá dì mọ́ àga kí wọ́n tó lè gbé tiwọn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí aṣọ́bodè. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn mọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ṣọlápé, ọmọ náà gbé tirẹ̀, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ kò wo Fọlájìmí lójú. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Bàbá,” ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, “ẹ dákun, ẹ gbé ẹsẹ̀ tiyín.”

Fọlájìmí wolẹ̀. Ibi tó dúró sí ti pọ́n.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún, ó sì yára gbé e mì. Morónkẹ́ ti já láàárín àwọn akọrin, ó mú un jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan rẹ̀. Ihò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó jìn. Wọ́n wá ìbọ̀sẹ̀ náà jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, pínnì kẹrin wà nínú rẹ̀, ó là sílẹ̀, ó ti gba inú ọ̀rá àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ó ti já sínú bàtà láti ilé. Fọlájìmí sì ti fi tẹ kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko.

“Kò dùn yín?” ni Morónkẹ́ bi í.

“Kò dùn mí.”

“Baba Tùmínínú, pínnì mà ni!”

“Òtútù ló pa á. Ṣé o ò mọ bí ìta ṣe—”

“Òtútù wo?” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú. “Ẹsẹ̀ yín gbóná.” Ó wò ó lójú. “Èyí tí mo ń ṣe báyìí, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lára?”

“Èwo lò ń ṣe?”

Èékánná ló fi ń fún ọmọ ìka rẹ̀, gbogbo agbára ló sì fi ń fún un. Fọlájìmí rí ọwọ́ rẹ̀, ó rí bí omijé ṣe ń kó sí i lójú. Ó ṣí ẹnu láti fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀rù bà á, irú èyí tó bà á létí bẹ́ẹ̀dì lóṣù Keje, àmọ́ èyí jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, kò dúró kí wọ́n fi lẹ́tà pè é. Nọ́ọ̀sì Aqeelah fọ ojú egbò náà, ó fún un ní oògùn, ó ní orí bá a ṣe é pé ọgbẹ́ náà kò tíì kẹ̀, pé bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó ní kó di ojú, ó ń fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́wàá, kó máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tó bá ti gbọ́ ọ lára. Fọlájìmí ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Ó retí títí, nọ́ọ̀sì wá ní kó la ojú, òun ti parí.

“Ṣúgà yín ti wálẹ̀ dáadáa,” ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́yìn àyẹ̀wò. “Kẹ̀kẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi sílẹ̀. Àmọ́ ṣúgà ti ba iṣan ẹsẹ̀ yín jẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan, bàtà tó gbà yín. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lójoojúmọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ níbikíbi mọ́.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?”

“Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ò sí lára ibikíbi ni?”

Ó jókòó síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró níta, ó sunkún. Kò fi pa mọ́. Òun tó gbé bàbá rẹ̀ káàkiri fún ọdún mẹ́ta, tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ, òun ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, tó ń bá Abdullah jiyàn. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó ní Fọlájìmí, o ṣe dáadáa, ìwọ àti ẹ̀mí mímọ́ tó gbé ọ ró.

Èyí tó kù ló wá le. Ta ni máa sọ fún Wòlíì? Wòlíì Adégbọlá ni olùṣọ́ àgùntàn ìjọ náà, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló sì fi òfin ẹsẹ̀ lásán lé Fọlájìmí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Fọlájìmí lọ bá a nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ó ti kó àwíjàre jọ láti ilé, ó ti wá ẹsẹ Bíbélì mẹ́rin, ó tiẹ̀ ti pinnu láti sọ pé kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Mósè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátá.

“Bàbá, mi ò lè bọ́ bàtà mọ́,” ló wí. “Ẹ fi ẹlòmíì sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣẹ̀jẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ń yẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wò. Bí ẹ bá sì ní n má wá mọ́, màá gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ mi.” Ó wá ṣàlàyé fún un, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣe é dórí pínnì, dórí èékánná Morónkẹ́, dórí fọ́nrán nọ́ọ̀sì. Kò dá ara rẹ̀ sí. Ó retí kí Wòlíì bínú tàbí kó rẹ́rìn-ín.

Wòlíì kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹsẹ̀ Fọlájìmí ló ń wò.

“Nígbà tíyàwó ẹ fún ọ lọ́mọ ìka, o ò mọ̀ rárá?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“O sì ń rò pé òtútù ni.”

“Òtútù ni mo pè é.”

Wòlíì dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan lé orí orúnkún kejì, ó ká etí sùtánà kúrò níbẹ̀.

“Ó ti pé ọdún méjì tí òtútù yẹn ti ń mú èmi náà,” ló wí. “Fún tèmi wò.”

Fọlájìmí kúnlẹ̀. Ó di ọmọ ìka bàbá náà mú, ó ki èékánná bọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún fún un sí i títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó gbójú sókè. Wòlíì ti di ojú, ó ń retí.

“Kí ló ń dá ẹ dúró?” ni bàbá náà wí. “Bẹ̀rẹ̀ jàre.”